Aṣọ Orí Góńgó

Ẹ jọ̀wọ́, bí òjò bá ń rọ̀ níbi tí ẹ ti ń ka èyí, ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè wo àjà yín. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹ mọ ẹni tó kan ìṣó tó wà lórí yín? Ṣé ó dá yín lójú? Ó dá Asimawu náà lójú.

Obì ni Asimawu ń tà ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Opó ni. Ọkọ rẹ̀, Àbdùlgàfár, ló bẹ̀rẹ̀ ilé kan sí Òkè-Àgbò, lórí ilẹ̀ ẹbí wọn. Ó mọ ògiri dé òkè, ó ku òrùlé, ikú ní kó dúró níbẹ̀. Ilé náà wá ya ẹnu sílẹ̀ sí ojú ọ̀run bí ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ kò padà wálé.

Wọ́n ṣe fídáù tán, Bàbá Àlímì, olórí ẹbí, ránṣẹ́ pè é.

"Asimawu, ilé tí kò lórùlé, ọgbà lásán ni. Ọgbà sì rèé, ti ẹbí ni. Bí o bá rí i bò kí Iléyá tó dé, ilé rẹ ni, ìwọ àti Muslimah ọmọ rẹ. Bí o kò bá rí i bò, Rùfáì á bò ó. Ẹni tó bá bò ó ló ni ín."

Rùfáì wà ní ìjókòó. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, káfíńtà ni. Ó ń fi ìṣó tuntun kan tayín, ó ń wo Asimawu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ilé ọkọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Asimawu wọlé, Agùntáṣọọ́lò ló ń pe Rùfáì, nítorí ọkùnrin náà ga bí ọ̀pẹ, kò sí aṣọ tó wọ̀ tí kì í yẹ ẹ́. Àbdùlgàfár ọkọ rẹ̀ ló kúrú ní tirẹ̀.

Rùfáì tẹ̀ lé e jáde.

"Ìyàwó, wọ́n ní ò ń wá káfíńtà kiri. Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ ò ní kú, Agùntáṣọọ́lò ọkọ mi."

"Jẹ́ kí n bá ọ bò ó nígbà náà. Ọ̀fẹ́ ni."

"Bí ẹ bá bò ó, ta ló ni ín?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ ìṣó náà sókè, ó hán an. "Ìyàwó, ṣé inú ilé kan náà kọ́ ni gbogbo wa wà ni?"

Asimawu yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó kọjá lọ. Ọ̀fẹ́ yẹn ló bà á lẹ́rù jù.

*

Àbdùlgàfár fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ káfíńtà, òjò ni kó bi. Asimawu dúró de òjò. Ìgbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ dé, tí oníkálukú ń sáré wọlé, ó fi ọ̀rá borí, ó jáde.

Ó kọ́kọ́ yà sí ilé kan ní Òjòwò tó mọ̀ pé Rùfáì ló bò ó. Kò tíì jókòó tí obìnrin ilé náà fi pariwo.

"Rọra o, Ìyá Muslimah! Má tẹ abọ́ mi!"

Abọ́ wà káàkiri ilẹ̀. Ọ̀kan wà lórí tábìlì, ọ̀kan wà láàárín ibùsùn. Kíkán omi nínú wọn kò dọ́gba.

"Orin ni wọ́n ń kọ fún wa," obìnrin náà wí. "Bí òjò bá pọ̀, a máa ń gbè é."

Asimawu rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Awa, nítorí ó ti gbọ́ orúkọ káfíńtà kan níbẹ̀, Nathaniel, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Gbogbo ilé tí wọ́n ní ó bò, Asimawu kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà, òjò ti lù mí pa." Wọ́n á ní kó jókòó. Òun á máa wo òkè. Àjà gbẹ. Igun ògiri gbẹ. Ní ilé ìyá onígààrí kan, àní òwú aláǹtakùn tó wà lábẹ́ páànù gbẹ.

Ó bá Nathaniel nídìí igi tó ń fá. Ẹsẹ̀ lásán ni ọkùnrin náà wà, nítorí ìjọ wọn kì í wọ bàtà.

"Ẹ̀yin lẹ bo ilé ìyá onígààrí?"

"Èmi ni. Ṣé ó ń jò ni?"

"Kò jò."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń wò mí bí ẹni tó jí adìyẹ?"

"Mò ń wò ó bóyá ẹ ṣeé finú hàn ni."

"Ẹ má finú hàn mí, Màmá. Ilé ni kẹ́ ẹ fi hàn mí."

Ibẹ̀ ni Asimawu ti mú un. Nathaniel wá sí Òkè-Àgbò, ó fi okùn wọn ògiri, ó ní kò burú. Ó wá sọ àṣà iṣẹ́ wọn fún un. Lọ́jọ́ tí igi góńgó bá gòkè, ìyẹn igi tó wà ní òkè pátápátá tí apá òrùlé méjèèjì fi orí tì, onílé á se oúnjẹ. Lẹ́yìn náà á mú aṣọ kan tó ti wọ̀ rí wá, wọ́n á so ó mọ́ góńgó. Aṣọ yẹn kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ àfi ìgbà tí páànù bá bo ilé tán.

"Kí ni wọ́n ń so aṣọ fún?"

"Kí ilé lè mọ onílé ni. Ilé tí kò bá mọ onílé, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é ló máa dá lóhùn."

Rùfáì wà ní òdìkejì ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń sọ èyí. Ó fi ẹ̀yìn ti igi àgbálùmọ̀ kan. Kò sún mọ́ wọn. Asimawu rí i, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

*

Rùfáì gba ọ̀nà Ìbíadé lọ sí etí omi. Ó gun ọ̀kadà títí ọ̀nà fi di ẹrẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn títí ẹrẹ̀ fi di omi. Ìyá arúgbó kan ń yan ẹja níbẹ̀. Èéfín bo ojú rẹ̀, kò sì fẹ́ ẹ kúrò.

"Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí ilé kan má rí òrùlé, Ìyá."

"Irọ́ lò ń pa. Inú kì í bí ènìyàn sí ilé báyìí. Ènìyàn lo fẹ́."

Rùfáì kò sẹ́.

Ìyá arúgbó wọ inú búkà lọ. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ohun tó mú wá wà nínú awọ ẹja, ó fi okùn àwọ̀n dì í. Nígbà tí Rùfáì gbà á, ó móoru lọ́wọ́ rẹ̀, bí ibi tí ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò.

"Abẹ́ igi góńgó ni kó o fi í sí. Kí aṣọ tó gòkè ni o. Bó o bá ti fi í síbẹ̀, má tún fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ni aṣọ tí wọ́n so síbẹ̀, ilẹ̀ á pè é. Bó bá ti lè dáhùn, ó parí."

"Asimawu ni orúkọ rẹ̀, Ìyá. Obìnrin pupa kan ni, ó..."

"Mo bi ọ́ ní orúkọ?" Ó yí ẹja kan padà lórí iná. "Oògùn yìí kò mọ orúkọ, kò mọ ojú. Aṣọ ló mọ̀. Máa lọ. Má kí ẹnikẹ́ni títí wàá fi kúrò létí omi."

*

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Àgbò.

Ewúrẹ́ àdúgbò ló kọ́kọ́ rí i. Láti ìgbà tí ògiri ti wà lásán, inú yàrá yẹn ni wọ́n ń sùn bí oòrùn bá mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn ń jó ilẹ̀ gbẹ, Asimawu bá gbogbo wọn ní ìta. Wọ́n tò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń wo inú ilé. Kò sí èyí tó wọlé. Ó tì wọ́n, wọn ò lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló rí ìpẹ́ ẹja lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbá a kúrò. Ó padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún bá òmíràn. Ta ló ń họ ẹja ní Òkè-Àgbò? Ilé tí kò ní iná, tí kò ní ààrò, tí kò ní ènìyàn?

Ó lọ bá Àlúfà Zubair, ẹni tó kirun sí ọkọ rẹ̀ lára. Àlúfà kọ nǹkan sórí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú ìgò, ó ní kó wọ́n hàǹtú náà sí igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò tíì rí ọ mú, Ìyá Muslimah. Nǹkan kan ló ń dúró dè. Ohunkóhun tó bá ti kan ara rẹ, má jẹ́ kó gòkè sórí ilé yẹn."

"Àlúfà, wọ́n ní àṣà iṣẹ́ ni, pé kí n mú aṣọ wá."

"Mo ní ohun tó ti kan ara rẹ."

Asimawu dé ilé, ó ń ronú. Bí kò bá mú aṣọ wá, àwọn káfíńtà ò ní gbé páànù kan. Iléyá sì ti ń sún mọ́lé. Ó ṣí àpótí. Nígbà tí wọ́n pín aṣọ Àbdùlgàfár lẹ́yìn fídáù, Rùfáì ló mú agbádá, àwọn yòókù mú ìyókù. Ẹyọ bùbá kan ṣoṣo ni wọn ò mú, aláwọ̀ ewé, tí áyọ́ọ̀nù ti jó létí ọwọ́. Òun ni Àbdùlgàfár máa ń wọ̀ lọ síbi ilé yìí. Asimawu máa ń rí i tó ń ká ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ṣọ́bìrì.

Ó gbé aṣọ náà sókè. Òórùn sìmẹ́ńtì ṣì wà lára rẹ̀.

"Onílé gan-an ni ẹ," ó sọ fún òkú. "Kí wọ́n so tiyín. Ẹni tó ti wà nílẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe é?"

Nígbà tó mú hàǹtú dé ilé Òkè-Àgbò, ó bá Nathaniel tó tan àbẹ́là sí igun kan, tó ń wọ́n omi àdúrà. Àwọn méjèèjì wo ìgò ọwọ́ ara wọn.

"Màmá," Nathaniel wí, "omi tiyín àti omi tèmi, kí wọ́n má bá ara wọn jà o."

"Kí wọ́n jọ dojú kọ ẹni tó ń bọ̀ ni, Wòlíì."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Nathaniel. Àbẹ́là náà kú láìsí atẹ́gùn. Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín.

*

Ọjọ́ góńgó pé. Asimawu se ìkọ́kọrẹ́ ìkòkò ńlá kan, ó gbé e wá. Igi ti gòkè, àwọn ọmọ iṣẹ́ Nathaniel wà lórí rẹ̀. Oòrùn ràn gan-an. Ibi tí oòrùn ti ń ràn yẹn ni ohùn Rùfáì ti dé.

"Ẹ kú orí igi o!"

Ó wọ agbádá Àbdùlgàfár. Ó wọ̀ ọ́, ó yẹ ẹ́, àmọ́ ó mọ níwọ̀n orúnkún rẹ̀.

Káfíńtà tó bá kọjá lọ́jọ́ góńgó ní ẹ̀tọ́ láti kan ìṣó kan. Òfin iṣẹ́ wọn ni. Wọ́n ní ẹni tó bá fi òòlù du ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìṣó á ta á. Nathaniel wo Asimawu. Asimawu wo ilẹ̀. Nathaniel na òòlù sí i.

Rùfáì bọ́ agbádá, ó gun àkàbà. Ó dé òkè pátápátá, ó gbé ìṣó lé orí góńgó, ó kàn án. *Ko. Ko. Ko.* Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń kàn án. Asimawu ń wo ti òsì. Ọwọ́ òsì náà wọ abẹ́ igi, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde.

Kí ló fẹ́ wí? Pé ọwọ́ àna òun pẹ́ lábẹ́ igi? Ó di ìdí ìkòkò mú gírígírí.

Rùfáì sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu ìka. "Ìyàwó, bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ. Iṣẹ́ ti lọ dáadáa."

Nathaniel kígbe láti òkè. "Onílé! Aṣọ dà?"

Asimawu yọ bùbá náà nínú báàgì, ó jù ú sókè. Wọ́n tú ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti ká, wọ́n so ó mọ́ góńgó pẹ̀lú màrìwò. Atẹ́gùn gbé e. Ọwọ́ bùbá náà gùn, ó gùn, ó ń jù lókè bí ẹni tó ń pe èrò.

Oúnjẹ dúró lẹ́nu Rùfáì.

"Ìyàwó. Aṣọ ta nìyẹn?"

"Ti ẹ̀gbọ́n yín ni, Agùntáṣọọ́lò."

"Kì í ṣe ti Gàfárù." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Èmi ni mo yá a, kó máa fi po sìmẹ́ńtì. Aṣọ mi ni. Ẹ já a wálẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí igi bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀wù tó ti jóná yìí náà lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ opó? Agbádá yẹn ò tó yín ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Rùfáì kò rẹ́rìn-ín. Òógùn ti bò ó. Ó dìde, ó di àkàbà mú, Nathaniel sì sọ̀ kalẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lórí okúta.

"Ìṣó kan ni àlejò ń kàn, ọ̀gá. Ẹ ti kan tiyín. Aṣọ tó bá ti gòkè, ẹ̀yin náà mọ̀, páànù ló máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Mo ní kí ẹ já a!"

"Èé ti jẹ́? Kí ló wà níbẹ̀ tí ẹ̀ ń bẹ̀rù?"

Ìbéèrè nìyẹn. Gbogbo ojú ń wò ó. Rùfáì kò gbé agbádá rẹ̀. Ó yí padà, ó sì lọ, ó ń wẹ̀yìn wo òkè bó ṣe ń lọ. Kò tíì dé ojú títì tí òjò fi ṣú.

*

Òjò lé gbogbo wọn lọ sílé. Asimawu jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Òjòwò, ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó tún tú u. Ó tún ká a. Lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dé tí Àbdùlgàfár fi máa ń ká ọwọ́ bùbá yẹn lẹ́ẹ̀mejì? Ó kúrú. Ṣé ènìyàn kúkúrú á rán aṣọ tó gùn jù ú lọ fún ara rẹ̀?

Agùntáṣọọ́lò. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó ga tó láti lo aṣọ.

Ó dìde nínú òjò. Kò mọ ohun tó ń lọ ṣe. Ó ṣáà mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ dè é ti rí ẹlòmíràn, ẹni náà sì ti mọ̀.

Ó dé Òkè-Àgbò, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ó gbójú sókè. Rùfáì wà lórí góńgó. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há igi, ó ń fi eyín tú okùn aṣọ náà. Omi ti mu okùn, ó ti wú, kò tú. Ọwọ́ bùbá ń lù ú lójú.

Igi náà ń dán bí ẹ̀yìn ẹja.

Asimawu fẹ́ kígbe pé kó di igi mú dáadáa. Kó rọra. Kó dúró de àkàbà. Ó ya ẹnu, orúkọ tó ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó kò jáde. Ẹ̀rù ti gbé e lọ. Èyí tí kò pè rí láyé rẹ̀, tí ìyàwó kì í pè, òun ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ilẹ̀.

"Rùfáì!"

Ọkùnrin náà yíjú sílẹ̀ kíá.

"Hẹ̀n?" ó dáhùn.

Ó bọ́.

*

Kò kú. Ilé oníṣègùn egungun ló wà, itan rẹ̀ wà nínú pákó. Wọ́n ní bí ènìyàn bá wọlé kí i, ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo wọn. "Ta ló pè mí?" Asimawu lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Ó bi òun náà. Asimawu gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó jáde.

Nathaniel bo ilé náà tán kí Iléyá tó dé. Bàbá Àlímì wá, ó fi ọ̀pá kan ògiri, ó ní, "Ilé rẹ ni." Ẹnikẹ́ni kò jiyàn.

Ọjọ́ tí aṣọ sọ̀ kalẹ̀, Asimawu ní kí Nathaniel wo abẹ́ góńgó, ní ibi tí ìṣó àlejò wà. Ó wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìpẹ́ ẹja tó lẹ̀ mọ́ igi.

"Ẹ bá mi yọ ìṣó yẹn, Wòlíì."

"Kò ṣeé yọ mọ́, Màmá. Ibi tó kàn án sí, òun ló so igi méjèèjì pọ̀. Bí mo bá yọ ọ́, góńgó á là." Ó ká bùbá náà, ó fi lé e lọ́wọ́ bí àṣà. "Ó tán. Ilé ti mọ onílé."

Asimawu wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ ta ni wọ́n fi han ilé?

Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Òun àti Muslimah kó wọlé. Òjò tó tẹ̀ lé e, ó rán ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ó tẹ́ ẹní sí àárín pálọ̀, ó jókòó. Ó fẹ́ bi òjò bí ọkọ rẹ̀ ti ní kí wọ́n máa bi í. Òjò náà rọ̀ bí ẹni ń da òkúta sórí páànù. Ó wo igun yìí, ó gbẹ. Ó wo igun tọ̀hún, ó gbẹ. Yàrá gbẹ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbẹ. Nathaniel kò parọ́.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí òun dúpẹ́ ni.

*Ko.*

Omi kán sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, ní abẹ́ góńgó gan-an. Ó dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, òmíràn kán. Asimawu fi ìka kan án, ó gbé e sí imú. Òórùn ẹja yíyan ni.

"Ta nìyẹn?" Asimawu fẹ́ wí, ó rántí bí Rùfáì ti dáhùn lórí igi, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Ó dìde jẹ́jẹ́. Ó sún ẹní sẹ́yìn. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó mú abọ́ kan wá, ó gbé e síbẹ̀.